Ta ni yóò kọ́kọ́ fura bí ẹ kò bá jáde?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń fi sínú fọ́ọ̀mù ìwádìí lórí ilé gbígbé, èyí tí n kò fẹ́ràn rárá ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: "Láti orí 1 dé orí 5, báwo ni ibi tí ẹ ń gbé ṣe tẹ́ yín lọ́rùn tó?" Iṣẹ́ mi ni kí n máa kan ilẹ̀kùn káàkiri ẹ́sítéètì, kí n jókòó ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Bí mo bá ti ka ìbéèrè yẹn tán, mo ti mọ ohun tí n óò gbọ́: 4. Ẹni tí omi ń jò sí lórí láti àjà òkè á sọ pé 4. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ á sọ pé 4. N kò lè pè é ní irọ́. Ta ló fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kó máa sọ fún àjèjì pé ibi tí òun forí pamọ́ sí kò dára?

Ìbéèrè mìíràn wà tí mo bẹ àwọn ọ̀gá wa títí kí wọ́n tó gbà kó wọ inú fọ́ọ̀mù: "Bí ẹ kò bá jáde fún ọjọ́ méjì, ta ni yóò kọ́kọ́ fura?" Èyí kò ní nọ́ńbà. Ojú àwọn ènìyàn máa ń yí padà bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Àwọn kan á gbójú sókè, wọ́n á máa fi ìka ka àwọn tí wọ́n mọ̀. Àwọn mìíràn á ní kí n tún un kà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé ní àjà kẹrin kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni ìsàlẹ̀ ni." Mo bi wọ́n bóyá ọ̀rẹ́ wọn ni. Wọ́n ní rárá. Wọn kò mọ orúkọ ọkùnrin náà, wọn kò sì wọ ilé rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọkùnrin náà ló kángun sí àtẹ̀gùn, ìyá sì ń fi ọ̀pá rìn. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá á máa ró kò, kò, kò lórí sìmẹ́ǹtì, ọkùnrin náà á sì ti mọ̀. "Nígbà tí orúnkún ń dà mí láàmú, tí mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, òun ló gòkè wá kanlẹ̀kùn. Ó ní òun ò gbọ́ ọ̀pá. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan, mo ní rárá, ó bá padà lọ." Gbogbo àjọṣe wọn kò jù báyìí lọ. Nínú ilé kan náà, ní àjà kejì, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí fóònù rẹ̀ kò dákẹ́ ní gbogbo àkókò tí a fi jókòó. Ó ronú títí sí ìbéèrè yẹn. Nígbà tó yá, ó ní ibi iṣẹ́ lè pe òun tí òun kò bá yọjú lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ nínú ilé yìí, kò sí ẹnì kankan. Àwọn méjèèjì ló fún ilé náà ní 4.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́lé, àwọn tó ń bójú tó ẹ́sítéètì àti àwọn tó ń ṣèwádìí gbọ́ ni pé àlàáfíà ẹni níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ lè wà ní ìlú mìíràn. Ohun tó dúró lé ni kí àwọn tó yí ọ ká mọ̀ pé o wà, kí ara sì fu wọ́n bí wọn kò bá rí ọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwà ènìyàn ló fà á, pé àwọn kan yá mọ́ni, àwọn kan kò yá mọ́ni. Ohun tí mo ń rí yàtọ̀ sí èyí. Àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, ojú ọ̀nà, igi àti iye ọdún tí ènìyàn ti lò níbẹ̀ ló ń dá irú mímọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń pa á.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1995. Ooru mú fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ènìyàn 739 sì kú lé orí iye tó yẹ kó kú nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ arúgbó tó kú sínú yàrá tí wọ́n ń dá gbé. Àwọn oníṣègùn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà rí i pé ewu náà pọ̀ fún ẹni tó ń dá gbé àti ẹni tí kì í jáde lójoojúmọ́, ó sì dín kù fún ẹni tó ní ọ̀rẹ́ nítòsí tàbí tó ń bá àwọn ènìyàn kóra jọ. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Eric Klinenberg, wá gbé àdúgbò méjì tó fara kanra kalẹ̀. Tálákà pọ̀ nínú méjèèjì, arúgbó tó ń dá gbé náà sì wà nínú méjèèjì. Ní North Lawndale, nínú ènìyàn 100,000, bí 40 ni ooru náà pa. Ní South Lawndale, kò tó 4.

Kí ló fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní North Lawndale, ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé, àwọn ènìyàn ti kó lọ, ilẹ̀ ṣófo láàárín ilé sí ilé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn àgbàlagbà láti jáde. Ní èkejì, ojú pópó kún fún ṣọ́ọ̀bù àti ẹlẹ́sẹ̀, arúgbó rí ibi lọ, ó sì rí ìdí tó fi yẹ kó jáde. Àwọn kan ti jiyàn pé nǹkan mìíràn náà lọ́wọ́ sí i, bí irú àwọn ẹbí tó ń gbé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó pọ̀ tó á mọ̀ pé ọ̀nà tó ṣófo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Èyí tó dá lórí ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwádìí àtijọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣègbéyàwó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé. Westgate ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mú kó wúlò fún ìwádìí ni pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan aládùúgbò: ilé tó bá ṣófo ni wọ́n á fún ẹni tó kàn. Leon Festinger, Stanley Schachter àti Kurt Back lọ bi àwọn ará ibẹ̀ pé ta ni ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì gbé èsì náà jáde ní ọdún 1950. Nínú àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kángun síra, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló dárúkọ ara wọn. Bí ilẹ̀kùn kan bá wà láàárín, ó di 22. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì lórí àjà kan náà, 10 péré. Ìpẹ̀kun sí ìpẹ̀kun yẹn kò sì tó ọgbọ̀n mítà. Ẹni tó bá gbóhùn sókè díẹ̀, èkejì á gbọ́.

Ó tún ku ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayàwòrán ilé tí mo bá pàdé. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn ní ọ̀rẹ́ ní àjà òkè ju àwọn ará ìsàlẹ̀ yòókù lọ, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ ló ń gba iwájú wọn kọjá. Àwọn ilé díẹ̀ sì wà tí wọ́n kọjú sí títì nígbà tí àwọn yòókù kọjú sí àgbàlá. Iye ọ̀rẹ́ àwọn tó ń gbé inú wọn kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ilé kan náà ni, owó ilé kan náà, irú ènìyàn kan náà. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ló fi ibi tó kọjú ilẹ̀kùn sí ṣètò ọ̀rẹ́ fún àwọn tí kò rí rí. N kò rò pé ó mọ̀.

Nítorí náà, bí mo bá dé ẹ́sítéètì tuntun, kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, mo máa ń dúró sí ìdí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀. Mo máa ń wò ó bóyá ẹni méjì lè yà fún ara wọn láìfara gbún ara wọn. Mo máa ń wò ó bóyá iná wà. Mo máa ń wò ó bóyá ẹnì kan lè dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìdí ẹlòmíràn lọ́nà. Ibi tó bá há, tó ṣókùnkùn, tó sì ń rùn, kíá ni àwọn ènìyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, wọn kì í wo ojú ara wọn, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ ara wọn níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbọ́ èyí tán, wọ́n á ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ti gbogbo ènìyàn pọ̀ kí wọ́n máa pàdé. Ewu wà níbẹ̀. Andrew Baum àti Stuart Valins ṣe ìwádìí ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Stony Brook, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì gbé e jáde ní 1977. Nínú irú ilé kan, akẹ́kọ̀ọ́ 34 ló wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, tí gbogbo wọn ń lo balùwẹ̀ kan àti yàrá ìgbafẹ́ kan. Nínú irú kejì, àwọn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń pín tiwọn. Àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ní àwọn ń rí ènìyàn jù, pé wọn kò lè yan ìgbà tí àwọn fẹ́ pàdé ẹlòmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ènìyàn. Kódà, nígbà tí wọ́n mú wọn lọ sí ibòmíràn kí wọ́n jókòó dúró pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n jìnnà sí i ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì wò ó lójú.

Mo mọ àwọn ènìyàn yìí. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ nínú àwọn ilé gàgàrà tí ilẹ̀kùn ogún kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Wọ́n máa ń fetí sí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n má baà pàdé ẹnikẹ́ni lóde. Bí àwọn olùwádìí bá dé, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ ṣíṣe. Rárá o. Ó ti sú wọn láti máa kí ojú tí wọn kò dá mọ̀ ni. Ní ibi tí ìdílé bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bá ti ń lo àtẹ̀gùn kan, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀: ẹni tí wọ́n bá kí lónìí, wọ́n á tún rí i lọ́la, wọ́n á sì mọ̀ pé ọmọ tó ń sunkún yẹn, ti àjà kẹta ni.

Oscar Newman, ayàwòrán ilé kan, rí irú rẹ̀ ní Pruitt-Igoe, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ẹ́sítéètì ilé 33 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní àjà 11, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ ní 1972. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ogún ìdílé ń lò ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹnu ọ̀nà tí ìdílé méjì péré ń pín, nínú ilé kan náà, mọ́ tónítóní. Inú mi kò dùn sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ìtàn yìí dá ayàwòrán ilé nìkan lẹ́bi, ṣá. Owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe níbẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó jáde ni owó ń dín kù, bí owó ṣe ń dín kù ni lífítì ń bàjẹ́, bí lífítì ṣe ń bàjẹ́ ni àwọn mìíràn ń kó jáde. Kò sí bí àwòrán ilé ṣe lè dára tó tí irú ìyẹn kò ní bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jáde síta wàyí. Donald Appleyard, onímọ̀ nípa ètò ìlú, mú títì mẹ́ta ní San Francisco ní 1969, tí ilé àti ènìyàn ibẹ̀ jọra, àfi ọkọ̀ tó ń kọjá: bí 2,000 lójúmọ́ ní àkọ́kọ́, 8,000 ní èkejì, 16,000 ní ẹ̀kẹta. Ní títì tí ọkọ̀ ti kéré jù, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní àdúgbò náà, ní ìpíndọ́gba, ó sì ní bí mẹ́fà mìíràn tó jẹ́ ojúmọ̀ lásán, ìyẹn ẹni tí a kàn mọ̀ lójú. Ní èyí tí ọkọ̀ ti pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ kò pé ẹyọ kan, ojúmọ̀ sì jẹ́ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn yà ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìlà yí ibi tí wọ́n kà sí tiwọn ká. Àwọn ará títì tó dákẹ́ yí gbogbo títì ká, láti ìhín dé ọ̀hún, ilé àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Àwọn ará títì tó kún fún ọkọ̀ yí ilé tí wọ́n ń gbé nìkan ká, àwọn kan kò sì kọjá inú yàrá wọn. Ní ọdún 1982, ọkọ̀ tó ń sáré kọlu Appleyard fúnra rẹ̀ ní ìlú Athens, ó sì kú. N kì í lè ka iṣẹ́ rẹ̀ kí n má rántí èyí.

Igi náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Chicago, ẹ́sítéètì kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ Robert Taylor Homes: ilé 28, àjà 16 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Igi kù sí ìdí àwọn kan, wọ́n sì ti da kọnkéré bo ìdí àwọn yòókù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè yan ilé tí wọ́n fẹ́. Frances Kuo, William Sullivan àtàwọn ẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn tí igi wà nídìí ilé wọn mọ aládùúgbò wọn jù, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ jù, ọkàn wọn sì balẹ̀ jù. Ní ẹ́sítéètì mìíràn ní ìlú náà, Ida B. Wells, wọ́n fi ìwé àwọn ọlọ́pàá wo ilé 98, wọ́n sì rí i pé ìwà ọ̀daràn níbi tí igi àti koríko ti pọ̀ fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ibi tí wọ́n ti kéré. Àwọn aláṣẹ máa ń rò pé igi ń fi àwọn olè pamọ́, wọ́n á bá gé e. Ohun tí mo rí lójú ara mi ni pé ibi tí òjìji bá wà ni ènìyàn ń jókòó sí, ibi tí ènìyàn bá sì jókòó sí, ojú wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá rí nǹkan, ṣé yóò sọ̀rọ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí, nítorí pé mímọ ojú ara ẹni kò tó. Robert Sampson, Stephen Raudenbush àti Felton Earls bi ènìyàn 8,782 ní àdúgbò 343 ní Chicago, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Wọn kò bi wọ́n pé báwo ni inú wọn ṣe dùn tó. Wọ́n bi wọ́n pé: bí àwọn ọmọdé bá sá kúrò nílé ìwé tí wọ́n ń dúró kiri ní ìkòríta, ṣé aládùúgbò yín yóò dá sí i? Bí ọmọ kan bá ń rí àgbàlagbà fín ńkọ́? Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé? Níbi tí àwọn ènìyàn ti gbà pé aládùúgbò àwọn yóò dá sí i, tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn, ìwà ipá kéré níbẹ̀, kódà nígbà tí wọ́n ti yọ òṣì kúrò nínú ìṣirò. Àwọn àgbà wa ti wí i pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìbéèrè àwọn olùwádìí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òwe yẹn gan-an, wọ́n kàn gbé e sínú fọ́ọ̀mù ni.

Wọ́n tún rí i pé ibi tí àwọn ènìyàn bá ti pẹ́ ni irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ti ń fìdí múlẹ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀ bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó odindi àdúgbò kan lọ sí ilé tuntun. Michael Young àti Peter Willmott ti tẹ̀ lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní London ní nǹkan bí ọdún 1953 sí 1955, àwọn tó kúrò ní Bethnal Green lọ sí ẹ́sítéètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ilé tuntun náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní balùwẹ̀, ó ní àyè. Ṣùgbọ́n ìyá wọn àti àwọn arábìnrin wọn tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ti jìnnà, olúkúlùkù sì jókòó sínú ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá bi wọ́n ní orí 1 dé 5, mo mọ ohun tí wọn ì bá sọ.

N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má kó kúrò ní ibi tó burú o. Láàárín 1994 sí 1998, ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ́ gègé láàárín ìdílé bíi 4,600 tó ń gbé àwọn ẹ́sítéètì tí òṣì ti pọ̀ jù, ní ìlú márùn-ún. Àwọn kan rí ìwé tí yóò bá wọn san lára owó ilé bí wọ́n bá lè lọ sí àdúgbò tí òṣì ti kéré. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó tó ń wọlé fún àwọn àgbàlagbà tó lọ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Àmọ́ àìsàn ìtọ̀ ṣúgà àti sísanra àsanjù dín kù lára wọn, inú wọn sì dùn sí ayé wọn jù. Àwọn ọmọ tó lọ kí wọ́n tó pé ọdún 13 wá ń gba owó tó fi nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ẹ̀rù tó kúrò lọ́kàn ìyá, tó lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jáde lọ ṣeré, oògùn ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn ènìyàn lọ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń ṣọ́ ta. Kí wọ́n fi ìyá ọlọ́pá yẹn àti ọ̀gbẹ́ni ìsàlẹ̀ sí ìdí àtẹ̀gùn kan náà níbi tuntun. Ìwé pélébé kan ló gbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí kò ṣí, tí ó jẹ́ ìṣòro àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo ti bá wọn ṣe, àwọn kan wà tí a kan ilẹ̀kùn wọn tí a kò rí wọn. Nínú ìròyìn tí a bá tẹ̀ jáde, wọ́n á di gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ ojú ewé: "wọn kò sí nílé" tàbí "wọn kò fẹ́ sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ni a óò ṣírò ìdùnnú àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún wa, a óò sì pè é ní ìdùnnú gbogbo ẹ́sítéètì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru wà nínú àwọn tí a kò rí. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti dè mọ́ ibùsùn wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa wà níbẹ̀. Bí a bá ń wádìí nípa àwọn tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà, àwọn wọ̀nyí gan-an ni à ń wá.

Nítorí náà, mo ti sọ fún àwọn tó ń darí iṣẹ́ wa pé nínú èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n fún wa láyè láti padà sí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a lè fi ìwé kékeré tí a kọ ní lẹ́tà ńlá ti abẹ́ rẹ̀, kí a sì bi aládùúgbò tó kángun sí i léèrè ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Mo tún ní kí wọ́n gbé iye àwọn tí a kò rí kúrò ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, kó wà lójú ewé àkọ́kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 4 tí gbogbo wọn fẹ́ràn láti máa gbé pòòyì. Wọ́n ti gbà fún wa láti lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ti ojú ewé àkọ́kọ́, a ṣì ń bá a fà.